Ìró àti Ọ̀rọ̀: Ìwọ̀n Ìrànlọ́wọ́ tí Ẹ̀rọ Ìgbọ́rọ̀ Ń Ṣe fún Ẹni tí Etí Rẹ̀ Di Púpọ̀

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, gbọ́, ni èdè Yorùbá fi ń sọ ohun méjì tí àwọn onímọ̀ nípa etí yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ìbọn dún lẹ́yìnkùlé rẹ̀ tí ó sì ta gìrì ti gbọ́. Ẹni tí a bá sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì mọ ohun tí a wí náà ti gbọ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé lágbájá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí pé kò gbọ́ Haúsá. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ gbígbọ́ ìró, ti èkejì jẹ́ gbígbọ́ ọ̀rọ̀, ọ̀nà tí ó sì wà láàrin méjèèjì jìn ju bí ẹni tí etí rẹ̀ kò yọ lẹ́nu rí ṣe lè rò lọ. Ìbéèrè tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé, èyí tí àwọn ẹbí ń béèrè ní àdúgbò Ìlódè àti ní gbogbo Ilé-Ifẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dá owó jọ fún bàbá tàbí ìyá tí kò gbọ́rọ̀ mọ́, ni bóyá ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ wúlò fún ẹni tí etí rẹ̀ di púpọ̀ tàbí owó lásán ni wọn yóò fi ṣòfò. Àwọn tí ń ta ẹ̀rọ náà a máa dáhùn pé ó wúlò. Àwọn tí wọ́n ti rà á rí, tí wọ́n sì ti tì í mọ́ inú àpótí, a máa dáhùn pé kò wúlò. Òótọ́ wà nínú ìdáhùn méjèèjì, nítorí pé ìró ni ẹ̀rọ ń tà, ọ̀rọ̀ sì ni ẹni tí ó ń ra ẹ̀rọ fẹ́ rà.

Kí a tó lè sọ pé etí kan di púpọ̀, a ní láti mọ òṣùwọ̀n tí a fi wọ̀n ọ́n. Dẹ́síbẹ̀lì ni òṣùwọ̀n náà ń jẹ́, agbára ìró ni ó sì ń wọ̀n: ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wà ní nǹkan bí 30, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì tí ìwọ̀n mítà kan wà láàrin wọn ń bá ara wọn sọ láìpariwo sì wà ní nǹkan bí 60. Nínú ìròyìn ńlá lórí ìgbọ́rọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2021, etí pé bí ó bá lè gbọ́ ìró tí kò tó 20 dẹ́síbẹ̀lì. Láti 20 sí 35, dídi rẹ̀ kéré. Láti 35 sí 65, tí àjọ náà tún pín sí ìpele méjì, dídi rẹ̀ wà láàrin. Láti 65 sí 80 ni a pè ní dídi púpọ̀. Láti 80 sí 95 ni dídi gidigidi. Bí ó bá sì ti kọjá bẹ́ẹ̀, etí náà ti di pátápátá. Etí tí ó sàn jù nínú méjèèjì ni a fi ń ṣe ìdájọ́. Ìyàtọ̀ 15 tí ó wà láàrin ìpele kan àti èkejì lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan lójú ẹni tí kò mọ̀ pé òṣùwọ̀n yìí ń fò ni: bí a bá fi 10 kún un, agbára ìró ti di ìlọ́po mẹ́wàá, bí a bá sì fi 20 kún un, ó ti di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ẹni tí etí rẹ̀ wà ní 70 kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ rárá, àfi kí a súnmọ́ ọn kí a sì gbé ohùn sókè, ẹni tí tirẹ̀ sì ti dé 90 lè má gbọ́ igbe pàápàá.

Iye yìí nìkan kọ́ ni ó ń sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe wúlò tó. Ó tún kù kí a mọ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ nínú etí. Nínú irú kan, ojú ọ̀nà ni ó dí: èérí ti kún ihò etí, tàbí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà nínú etí bí awọ ìlù ti lu, tàbí ọyún ń dà láti ìgbà èwe tí a kò sì tọ́jú rẹ̀. Inú lọ́hùn-ún pé, ìró ni kò ráyè wọlé. Irú èyí, bí kò bá sí òmíràn tí ó pẹ̀lú rẹ̀, kì í sábà kọjá 60 dẹ́síbẹ̀lì. Oníṣègùn lè tún un ṣe, ẹ̀rọ sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún un. Irú kejì ni ó sábà ń sọ ènìyàn di ẹni tí etí rẹ̀ di púpọ̀. Nínú egungun ẹ̀bá orí ni ẹ̀yà kékeré kan wà tí ó yí bí ìkarahun ìgbín, ìyípo rẹ̀ tó méjì àbọ̀, omi kún inú rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ní irun tíntìntín lórí sì tò sínú omi náà. Bí 3,500 nínú wọn wà ní ọwọ́ inú, àwọn ni wọ́n ń gba ìró tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Bí 12,000 wà ní ọwọ́ ìta, iṣẹ́ tiwọn ni láti gbé ìró tí kò lágbára sókè kí wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìró mìíràn. Àwọn ti ìta ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kú. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ àwọn nìkan ni wọ́n kú, ẹ̀rọ lè gba iṣẹ́ wọn ṣe dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí etí bá ti kọjá 60 tàbí bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé àwọn ti inú náà ti ń kú, bí wọ́n bá sì ti kú tán ní apá kan, gbogbo agbára tí a bá fi ti ìró sí apá náà dà bí kíkan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí kì í hù padà lára ènìyàn.

Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Maikirofóònù kékeré kan ń gba ìró, ohun kan ń sọ ọ́ di alágbára, sípíkà kékeré kan ń tú u sínú etí, bátìrì ni ó sì ń gbé gbogbo wọn ṣiṣẹ́. Èyí tí ó kọ́kọ́ lo iná mànàmáná jáde ní Amẹ́ríkà ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ó tóbi, ó sì wúwo; ọdún 1952 ni transístọ̀ sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn lè fi sára láìnira, nǹkan bí ọdún 1996 sì ni èyí tí kọ̀ǹpútà kékeré ń darí bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ lọ́jà. Ti òde òní kì í pariwo gbogbo ìró bákan náà. Ó ní láti jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí ó yani lẹ́nu nípa etí tí ó di púpọ̀ ni pé ààlà tí ìró ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ti lọ sókè ṣùgbọ́n ààlà tí ariwo ti ń dun ènìyàn kò kúrò níbi tí ó wà. Ìdí nìyí tí bàbá àgbàlagbà fi lè sọ pé òun kò gbọ́, kí a gbé ohùn sókè díẹ̀, kí ó sì bínú pé wọ́n ń pariwo mọ́ òun. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Àyè tí ó kù láàrin ààlà méjèèjì ni kò tó nǹkan mọ́, àyè tóóró yẹn sì ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rún gbogbo ayé ìró mọ́.

Láti nǹkan bí ọdún 1944 ni àwọn onímọ̀ ti kíyè sí i pé ìrànlọ́wọ́ tí etí ń fẹ́ jẹ́ bí ìdajì ohun tí ó sọnù, ó sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ bí dídi náà bá ti pọ̀. Ẹni tí ó wà ní 80, tí a fún ní 40 tàbí 45, yóò máa gbọ́ láti bí 40 lọ: ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti ìpè ládàánì yóò dé, họ́ọ̀nù ọ̀kadà yóò dé kí ó tó gbá a, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kò ní dé. Ọ̀nà jíjìn tún jẹ́ ọ̀tá. Nígbàkigbà tí ìjìnnà láàrin olùsọ̀rọ̀ àti olùgbọ́ bá di ìlọ́po méjì, ìró a dínkù ní bí 6 dẹ́síbẹ̀lì, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tí ó ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ kedere lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máà gbọ́ ti olùkọ́ tí ó dúró sí iwájú kíláàsì. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀ ni a ti nílò maikirofóònù tí olùkọ́ ń so mọ́ ọrùn, tí ó ń fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ tààrà sínú ẹ̀rọ ọmọ náà. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní irú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò lè pọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Yorùbá ní pàtàkì, tí àwọn ìwé tí a kọ fún àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà dé, ni ti ohùn. Èdè Yorùbá ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, ìyàtọ̀ wọn ni ó sì ya ọkọ tí ó fẹ́ aya sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Ohun tí ó ń gbé ohùn wọ̀nyí ni bí ọ̀nà ọ̀fun ṣe ń gbọ̀n tó ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ó sábà jẹ́ bí ìgbà 80 sí 150 fún ọkùnrin àti bí ìgbà 180 sí 250 fún obìnrin. Ìró ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ìró òkè, tí gbígbọ̀n rẹ̀ kọjá 3,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ni ó ń gbé kọ́ńsónáǹtì bíi s, ṣ àti f. Nísinsìnyí, bí etí bá di nítorí ọjọ́ orí, ariwo, oògùn tàbí àìsàn, ìró òkè ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, tí ó sì ń lọ jù. Ìró ìsàlẹ̀ ni ó máa ń kù díẹ̀ lára ẹni tí etí rẹ̀ di púpọ̀. Àbájáde rẹ̀ ni pé Yorùbá tí etí rẹ̀ di púpọ̀, tí ó sì lo ẹ̀rọ tí ó bá etí rẹ̀ mu, lè gbọ́ ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ kí ó má sì mọ̀ bóyá wọ́n ní ó sá, ó ṣá, tàbí ó fá. Fáwẹ̀lì pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀ tán, nítorí apá tí ó ya i sọ́tọ̀ kúrò lára u wà lókè, tí rí àti rú fi lè jọ ara wọn létí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe rí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó tẹ́tí sí dùndún. Ìyáàlù kò ní s, kò ní f, kò ní fáwẹ̀lì kankan. Ohùn nìkan ni ó ní, síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ó mọ oríkì ilé rẹ̀ yóò sì mọ ìgbà tí a pè é. Àmọ́ ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ nìkan ni ó ń gbọ́ ìlù. Bí onílù bá fi ìlù sọ ìròyìn tuntun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, àwọn onílù ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá lè ṣì í gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àgbàlagbà tí etí rẹ̀ di púpọ̀: bí a bá kí i pé ẹ káàárọ̀, bí a bá béèrè bí ara ṣe le, ẹ̀rọ yóò jẹ́ kí ó dáhùn wéré, gbogbo ẹbí yóò sì yọ̀ pé owó kò ṣòfò, ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ fún un pé wọ́n ti yí ọjọ́ ìpàdé ẹbí padà sí Ọjọ́rú, tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò retí, yóò mi orí bí ẹni tí ó gbọ́, kò sì gbọ́. Àṣà orí mímì yìí ti tan ọ̀pọ̀ ẹbí jẹ. Ojú ni ó ń parí ohun tí etí kò lè parí, nítorí pé f àti b àti m hàn ní ètè bí wọn kò tilẹ̀ hàn sí etí, ìwádìí sì ti fi hàn léraléra pé ẹni tí etí rẹ̀ di púpọ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i nígbà tí ó bá ń lo ẹ̀rọ tí ó sì ń wo ẹnu olùsọ̀rọ̀ ju nígbà tí ó bá ń lo ọ̀kan nínú méjèèjì lọ. Ibí yìí ni ìwà ọmọlúàbí ti ń ṣe ìdíwọ́ láìmọ̀. Ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí tí ó kúnlẹ̀, tí ó sì dorí kodò bí ó ti ń jíṣẹ́ fún bàbá rẹ̀, ti gbé ẹnu rẹ̀ kúrò lójú ẹni tí ó nílò láti rí i. Kí ó kí bàbá tán, kí ó gbé ojú sókè, kí ó tó jíṣẹ́. Kò sí àgbàlagbà tí yóò ka ìyẹn sí àfojúdi bí a bá ti ṣàlàyé fún un.

Fún ẹni tí dídi etí rẹ̀ ti kọjá 80, tí ẹ̀rọ tí ó lágbára jù kò sì jẹ́ kí ó gbọ́ ju ohùn lásán lọ, ọ̀nà mìíràn wà, òun ni ẹ̀rọ tí a ń fi iṣẹ́ abẹ gbé wáyà rẹ̀ wọ inú ìgbín etí, tí ó ń fi iná díẹ̀díẹ̀ bá iṣan etí sọ̀rọ̀ tààrà láìgba ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ti kú. Láti ọdún 2019 ni àjọ tí ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ìtọ́jú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ààlà rẹ̀ kalẹ̀ sí 80 dẹ́síbẹ̀lì, dípò 90 tí ó wà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe fún s àti ṣ àti f. Ṣùgbọ́n ohùn ni kò mọ̀ ọ́n gbé dáadáa. Ìṣòro yìí ti hàn gbangba lára àwọn tí ń sọ èdè Ṣáínà, tí èdè tiwọn náà jẹ́ èdè olóhùn, kò sì sí ìdí tí yóò fi yọ Yorùbá sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí ẹni tí ó bá ní díẹ̀ tí ó kù nínú etí kejì má ṣe bọ́ ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kúrò níbẹ̀, kí wáyà máa gbé kọ́ńsónáǹtì, kí ẹ̀rọ máa gbé ohùn. Owó iṣẹ́ abẹ náà àti ti títún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ju agbára ọ̀pọ̀ ẹbí lọ ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ lásán ni ó ṣì jẹ́ ìrètí ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ohun tí ó ń di etí ní ilẹ̀ yìí náà tún ń pinnu bí ẹ̀rọ yóò ti wúlò tó, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀kan nínú wọn. Láti ìgbà iṣẹ́ Lucio Luzzatto, onímọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn ní ọdún 1960 sí 1970 ó lé ni a ti mọ̀ pé ó ju ọ̀kan nínú ọkùnrin Yorùbá márùn-ún lọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní ohun kan tí a ń pè ní G6PD tó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣàìsàn lásán. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tuntun tí ó ní ẹ̀jẹ̀ báyìí bá fara kan káńfọ̀, ìyẹn búlọ́ọ̀kù funfun tí àwọn ìyá ń kó sáàrin aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú rẹ̀ a pọ́n, ibà pọ́njú náà a sì lè le débi pé yóò ba iṣan etí àti apá tí ó ń gba ìró nínú ọpọlọ jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì onírun lè wà láàyè, ìró a sì máa wọlé, ṣùgbọ́n kì í dé ọpọlọ létòlétò. Fún irú ọmọ yìí, ẹ̀rọ tí ń gbé ìró sókè kì í sábà ṣe púpọ̀, nítorí ohun tí ó dojú rú kì í di ohun tí ó tò nítorí pé a pariwo rẹ̀. Àìsàn ti ṣíwájú ẹ̀rọ, káńfọ̀ sì ti ṣíwájú àìsàn: aṣọ tí a kó sínú oòrùn kì í ba etí ẹnikẹ́ni jẹ́.

Àrùn yírùnyírùn, tí ó ń mú ọrùn le gan-an, ń fẹ́ kí a yára ní ọ̀nà tirẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn rẹ̀ egungun lè hù dí inú ìgbín etí láàrin oṣù díẹ̀, tí wáyà kò fi ní lè wọ ibẹ̀ mọ́. Ọmọ tí ó bá là á já gbọ́dọ̀ ṣàyẹ̀wò etí kí ó tó kúrò ní ilé ìwòsàn. Éèyi àti ṣegede ń di etí, àjẹsára sì wà fún wọn. Abẹ́rẹ́ jẹntamáísìnì tí a ń gún láìwọ̀n ara ọmọ náà máa ń di etí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún etí dídi ọmọdé ni a lè dènà.

Èdè wa tún ní ọ̀rọ̀ kan tí ó ti pa ọmọ púpọ̀ lára. Ìgbọràn ni a ń pè ní ohun tí ọmọ rere ń ṣe fún òbí, aláìgbọràn sì ni ọmọ tí kì í dáhùn nígbà tí a bá pè é. Ọmọ tí etí rẹ̀ di láti ìkókó a máa jẹ ẹgba nítorí àìgbọràn kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé kò gbọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ibi tí àkókò ti níye lórí ju ibí yìí lọ: ọpọlọ tí a kò fi ọ̀rọ̀ bọ́ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ní rí i gbà bákan náà mọ́ lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ tí a fi sí etí ọmọ oṣù mẹ́fà kì í sì ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a fi sí etí ọmọ ọdún mẹ́jọ, bí wọ́n tilẹ̀ ti inú páálí kan náà jáde. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi lélẹ̀ ni kí a ti yẹ etí ọmọ wò kí ó tó pé oṣù kan, kí a ti mọ àbájáde kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, kí ìrànlọ́wọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́fà. Bọ́lájókò Olúsànyà, oníṣègùn ọmọdé ní Èkó, fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn pé a lè yẹ etí ọmọ tuntun wò ní ilé ìgbẹ̀bí àti ní ibi tí àwọn ìyá ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ ní Nàìjíríà. Kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ọmọ kò sì ní láti jí lójú oorun.

Níbi tí etí ọmọ bá ti di gidigidi, àṣìṣe tí ó burú jù ni kí a fi ọdún márùn-ún dúró de kí ẹ̀rọ sọ ọ́ di ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kí a sì fi èdè ìfọwọ́sọ̀rọ̀ dù ú ní gbogbo àkókò náà. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí àrùn yírùnyírùn di etí rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11, ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Àkrà ní orílẹ̀-èdè Gánà ní ọdún 1957 àti ní Ìbàdàn ní ọdún 1960, kí ó tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rùwáńdà ní ọdún 1987. Èdè ọwọ́ tí ó mú wá ni ọ̀pọ̀ adití Nàìjíríà ń lò títí di òní, pẹ̀lú àyípadà tí wọ́n ti ṣe sí i. Èdè ọwọ́ kì í lé ọ̀rọ̀ ẹnu sá. Ọmọ tí ó bá ti ní èdè kan nínú orí yóò rí ibi tí yóò gbé ìró tí ẹ̀rọ bá mú wá lé. Èyí tí kò ní èdè kankan kò ní ibi tí yóò gbé e sí. Ilé-Ifẹ̀ kò sì yẹ kí ó jẹ́ ìlú tí a ti ń fi adití pamọ́, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn Yorùbá ti gbà pé Ọbàtálá ti ń mọ ara ènìyàn, tí a sì ń pe àwọn tí ara wọn yàtọ̀ ní ẹni òrìṣà, tí a kò gbọdọ̀ fi ṣẹ̀sín.

Ìlódè, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú Ìrémọ, Òkèrèwè, Mọ̀ọ̀rè àti Ìlàrè, kò jìnnà sí ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, wà lójú ọ̀nà Iléṣà, ó sì ní ẹ̀ka tí ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ó ń kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri ọjà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń gbé gbogbo ìró sókè bákan náà, ẹnikẹ́ni kò sì fi àyẹ̀wò etí olùrà tò ó. Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, tí ó gbà ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022 kí a máa ta ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ láìgba ìwé oníṣègùn, sọ ọ́ kedere pé àgbàlagbà tí etí rẹ̀ di díẹ̀ tàbí níwọ̀nba ni èyí wà fún. Ẹni tí etí rẹ̀ di púpọ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ gidi bá sì ti dé ọwọ́, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ̀rọ alágbára ń fẹ́ ike tí a fi ẹ̀dà ihò etí oníkálukú ṣe; bí ike náà kò bá fún dáadáa, ìró a yọ jáde padà sínú maikirofóònù, ẹ̀rọ a sì máa súfèé. Ike ọmọdé ń fẹ́ pípààrọ̀ ní oṣù díẹ̀ díẹ̀ nítorí etí ń dàgbà. Bátìrì tí ẹ̀rọ alágbára ń lò, tí àmì rẹ̀ jẹ́ búlúù tí nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 675, kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Òógùn àti ọ̀rinrin ìgbà òjò ń wọ inú rẹ̀, nítorí náà kí a máa fi í sínú ike tí a dé pa pẹ̀lú àpò kékeré tí ń fa omi, irú èyí tí ó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, lóròòru. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti ẹ̀rọ ọlọ tí ó wà lẹ́bàá ilé kò ní dẹ́kun nítorí pé bàbá ra ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yóò gbé òun náà sókè, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń bọ́ ọ kúrò ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ọpọlọ tí kò gbọ́ ìró kan fún ọdún mẹ́wàá nílò ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn oṣù, kí ó tó tún un mọ̀. Inú yàrá tí ó dákẹ́, pẹ̀lú ẹnì kan ṣoṣo tí ń sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe níbi ìnáwó.

Nítorí náà, ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ wúlò fún ẹni tí etí rẹ̀ wà láàrin 65 àti 80, bí a bá fi àyẹ̀wò tò ó, tí a sì ń lò ó lójoojúmọ́. Fún ẹni tí tirẹ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀, ohùn, ìkìlọ̀ ewu àti ìrànlọ́wọ́ fún ojú tí ń wo ẹnu ni ó lè fún un, a kò sì gbọdọ̀ ṣèlérí ohun tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ẹ̀rọ yìí lè ràn lọ́wọ́ ní gbogbo ayé, bí 17 péré ni ó ń lò ó. Òfin tí ó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara ní Nàìjíríà ti wà láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019, ṣùgbọ́n òfin kì í ra bátìrì. Kí ẹbí tí ń dá owó jọ ka owó àyẹ̀wò, owó ike etí àti owó bátìrì ọdún kan mọ́ owó ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì bi ẹni tí ń ta á ní ìbéèrè kan ṣoṣo kí wọ́n tó sanwó: ta ni yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, níbo sì ni onítọ̀hún wà?